Apá Ọ̀tún Ìwé Ìyàwó Mi

Ọdún mẹ́ta ni fáìlì náà fi wà nínú fóònù mi tí n kò ṣí i.

Ìwé tí ìyàwó mi kọ fún kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Ìlọrà ni. Ojú ìwé méjìlélọ́gọ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ sórí láptọ́ọ̀pù, ó sì gbà á tó ọdún kan. Láptọ́ọ̀pù náà kú kí òun náà tó kú. Ohun tó ṣẹ́kù ni ẹ̀dà kan tó ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa obìnrin ní Ìbàdàn, kí ọmọ náà lè bá a wo bí ó ṣe rí. PDF ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ṣí i.

Kí n tó di ọkọ obìnrin yìí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni mo jẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara mi. Ọsàn ni mò ń gbìn ní Fìdítì nígbà náà, ọsàn náà ni mo ṣì ń gbìn. Bí mo bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń wẹ ẹsẹ̀, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà, mo sì máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé láàárín àwọn ìyá tó lè bí mi lọ́mọ. Òun ló wà níwájú pátákó. Mo kàwé títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá. Ẹni ogójì ọdún ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí èsì jáde.

Ní ọdún tó kọjá ni ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà ní agbègbè wa pè mí. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ó ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé tuntun fún gbogbo kíláàsì, àwọn olùkọ́ tó ti bá ìyàwó mi ṣiṣẹ́ sì ní ìwé tirẹ̀ ni àwọn fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ tó ti gbó, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì.

"Bàbá, ta ló tún ń lọ síbẹ̀? Orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń kọ̀wé báyìí. A fẹ́ yọ ọ́, ká fi ti fóònù sí i. Àmọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wa yìí, bí òkúta ló rí. A lè wò ó, a ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ bá wa wá èyí tó ṣeé tún kọ."

Mo ní kò sí òmíràn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yí i padà, sà. Bí kò bá tíì dé kí oṣù yìí tó parí, ìwé mìíràn ti wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí a lò."

Ẹnìkan ní kí n gbé e fún atẹ̀wé kí ó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, atẹ̀wé kan ti bá a tẹ ẹ̀kọ́ méjì rí. Ọkùnrin náà tún gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ṣe sí bí ó ṣe wù ú, ó ní òun ràn án lọ́wọ́ ni. Odidi ọdún kan ni ìyàwó mi kò fi bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ bí a ti ń tẹ̀wé. N kò lè wá gbé e fún ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Mo lọ bá obìnrin tó ní ilé kọ̀ǹpútà ní ojú títì Fìdítì. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́.

"Bàbá ọlọ́sàn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ọsàn lẹ fẹ́ tẹ̀ jáde ni?"

Mo fi fóònù hàn án. Mo ṣàlàyé. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, orúkọ áàpù sì kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ wò ó. Gbogbo wọn ló ń sọ PDF di ìwé tó ṣeé tún kọ. Èyí, ọ̀fẹ́ ni. Èyí náà, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n á kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí orí gbogbo ojú ìwé yín. Èyí ní ọjọ́ méje lòun máa fi ṣe yín lálejò, lẹ́yìn ìyẹn ẹ sanwó."

"Èwo ló dára nínú wọn?"

"Gbogbo wọn ló ní àwọn ló dára, Bàbá. Ṣé ẹ ti rí oníṣòwò tó sọ pé ọjà òun ò dára rí?"

A mú èyí àkọ́kọ́. A fi ojú ìwé kìíní dán an wò. Ó jáde bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́: àkọlé láàárín, orúkọ ìyàwó mi lábẹ́ rẹ̀. Mo rí orúkọ náà, mo gbé ojú kúrò. Mo ní kí ó yí gbogbo ìwé náà, kí ó sì tẹ ẹ̀dà kan jáde fún mi. Mo dì í sínú àpò lọ́ràá, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò kà á. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ìdí láti kà á, nítorí orí ni a ti ń mọ ẹran, orí sì dára.

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá náà. Ó gba ìwé náà tìdùnnú-tìdùnnú, ó ṣí i láàárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ìyá àgbà gbé iṣu kaná, ẹ nù ún kúrò lójú pátákó." Ó dúró. Ó tún ka òmíràn. "Ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ẹ jẹ́ kí ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì béèrè omi, kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. "Iṣu tó wà lójú pátákó! Ó yẹ kó ti jinná. Ẹ pe èmi náà o."

Èkejì náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde kúrò nídìí tábìlì rẹ̀, ó fa àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó jókòó. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́.

"Sà, ẹ ò tíì kà á."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù."

Mo dúpẹ́. Mo gbé ìwé mi, mo jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé àga síta sábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé mi, mo ṣí fáìlì náà. Mo ka ojú ìwé kan, mo dúró. Mo ka òmíràn. Nígbà tí oòrùn fi kúrò lórí ògiri, mo ti kà á tán.

Nígbà náà ni mo rí ohun tó fa àṣìṣe. Ọ̀nà méjì ni ìyàwó mi pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí. Apá òsì ni ẹ̀kọ́ tí kíláàsì máa kà. Apá ọ̀tún tín-ín-rín, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ló wà níbẹ̀. Áàpù yẹn kò mọ̀. Ó kà á lọ tààrà láti etí kan dé etí kejì, bí ẹni tó ń kọ ebè tó sì gba inú oko alábàágbé rẹ̀ kọjá.

N kò rí apá ọ̀tún náà rí. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, ojú pátákó ni èmi ń wò, orí pátákó sì ni ó máa ń kọ apá òsì sí. Apá ọ̀tún wà nínú orí ìyàwó mi nìkan, kí ó tó wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Lójú ìwé kọkàndínlógún, ó kọ ọ́ báyìí:

"Bí àgbà bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, má ṣe dúró lé e lórí. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sọ ọ́ sí i létí. Lẹ́yìn náà kí ó tún un kà sókè fúnra rẹ̀, kí kíláàsì pàtẹ́wọ́. Àgbà tí ojú bá tì lónìí, kò ní wá lọ́la."

Mo rántí dáadáa. Nígbà tí mo bá ṣì í kà, ó máa ń wá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì mi, á sì sọ ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ sí mi létí. Mo ti gbà pé èmi nìkan ló ń ṣe é fún. Mo kà á sí àmì ìfẹ́. Orí àmì náà ni mo dúró lé tí mo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i. Ó wá jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló ń bẹ̀rẹ̀ fún! Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí, èmi nìkan, títí omi fi jáde lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mò ń wá. Kì í ṣe áàpù tó yára, kì í ṣe èyí tó lẹ́wà. Áàpù tí kò ní gbàgbé apá ọ̀tún ni.

Mo sì mọ ibi tí mo ti ṣe é láṣìṣe. Àwọn tó ń wá ra ọsàn lóko mi kì í tọ́ èyí tó kọjú sí oòrùn wò. Wọ́n mọ̀ pé ìyẹn á dùn. Abẹ́ ewé ni wọ́n ń na ọwọ́ sí, nínú òjìji, níbi tí ọsàn ti máa ń pẹ́ kí ó tó pọ́n. Bí èyí bá dùn, wọn á ra gbogbo igi. Èmi tí mo ti ń ta ọsàn láti ọdún gbọọrọ, ojú ìwé kìíní ni mo tọ́ wò, tí mo sì rà. Mo wá ọsàn abẹ́ ewé nínú ìwé náà, ojú ìwé tó le jù. Ojú ìwé kọkànlélógójì ni mo mú. Apá méjì, tábìlì ọ̀rọ̀ láàárín, àwòrán ọkọ́ tí ó fi ọwọ́ yà tó sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti lẹ́tà tó kéré bí èèrà.

Mo padà sí ilé kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ ti padà dé? Mo rò pé wọ́n ti ń tẹ̀wé yín."

"Iṣu wà lójú pátákó," ni mo wí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má bínú.

A fi ojú ìwé kọkànlélógójì dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkejì sọ gbogbo lẹ́tà tó ní àmì di àpótí òfìfo. Ìkẹta jáde dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ orí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò mira. Ó kàn ya fọ́tò ojú ìwé náà ni, ó lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tuntun. Ìkẹrin ló mú kí obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó, Bàbá! Bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Tábìlì dúró ṣánṣán. Àwòrán tó wọ́ gan-an ti nàró. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo sún mọ́ ọn. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Apá òsì mọ́ tónítóní. Mo wo apá ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó ti gé e kúrò," ni mo wí.

"Kí ló gé?"

"Apá ọ̀tún."

Ó fi ojú ìwé méjèèjì wé ara wọn. "Áà. Ó rò pé etí ìwé lásán ni. Ṣùgbọ́n Bàbá, ta ló ń ka etí ìwé? Àwọn tó fẹ́ kọ́ ABD ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ọjọ́ ń lọ o."

"Ibẹ̀ ni ìwé náà wà."

Ó wò mí. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n wá ka ohun tí etí ìwé náà sọ sí òun létí. Mo ka ojú ìwé kọkàndínlógún fún un láti orí fóònù. Nígbà tí mo kà á tán, ó fọwọ́ ra orí.

"Tíṣà kan nà mí ní orí níwájú gbogbo kíláàsì rí," ni ó wí. "N kò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

Èyí tí a rí gbẹ̀yìn kò gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà gan-an ni a gbé e sí. Ìrísí rẹ̀ kò fani mọ́ra. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó kọ́kọ́ béèrè èdè tí a fi kọ ìwé náà, Yorùbá sì wà nínú àwọn tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú ìwé náà síwájú mi, ó ní kí n fa ìlà yí ibi tí mo fẹ́ kí òun kà ká, kí n sì fún un ní nọ́ńbà. Mo fa ìlà yí apá òsì ká, mo fún un ní ọ̀kan. Mo yí tábìlì ká, mo fún un ní méjì. Mo yí apá ọ̀tún ká, mo fún un ní mẹ́ta. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Gbogbo rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ kò wọnú ọ̀rọ̀. Àmì kò sọnù àyàfi díẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ ara mi dá padà. Mo tẹ àárín gbólóhùn rẹ̀ kan, ìlà kékeré kan sì ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ń retí mi. Mo kọ lẹ́tà kan. Ó dúró. Mo pa á rẹ́. Ó lọ.

"Ó ṣe é!" ni obìnrin náà ké. Ó tún wo iye ojú ìwé. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí o, Bàbá. Méjìlélọ́gọ́ta ni ẹ máa fa ìlà sí lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Mo ní àkókò."

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Mo máa ń lọ sí oko láàárọ̀, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, mo máa ń wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn. Ìka mi kì í ṣe ti akọ̀wé. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo fà wọ́ bí ebè ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Awakọ̀ kan tó wá tẹ ìwé mọ́tò rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi tí ó ń wò mí.

"Bàbá, ní ọjọ́ orí yín, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ wá ń kọ́?"

"Oko ni mò ń ro."

"Oko inú ẹ̀rọ?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ tó o ti ń wa mọ́tò láti ogún ọdún, ṣé o ti wa ìwé odidi kan já rí?"

Nígbà tí mo fa ìlà tán, mo dé ibi ẹ̀kọ́ pósítọ́fíìsì. Mo pa á rẹ́. Ojú ìwé náà ṣófo. Kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀ pé kí ó kọ tuntun, nítorí náà mo kọ ọ́ fúnra mi. Apá òsì: ìyá kan rí ọ̀rọ̀ gbà láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó kà á, ó sì fèsì. Gbólóhùn mẹ́sàn-án péré. Apá ọ̀tún ló pẹ́ jù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Èyí ni mo fi síbẹ̀ níkẹyìn: "Má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ àgbà láti bá a kà á. Jẹ́ kí ó dì í mú fúnra rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ."

Mo tún ka gbogbo ìwé náà láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Lọ́tẹ̀ yìí, sókè ni mo kà á.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí nígbà tí mo dé ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí rí mi, ó ti ń múra sílẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àárín gbùngbùn ló tún ṣí i sí, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó kà á. Ó ka apá òsì, ó ka apá ọ̀tún. Ó lọ sí ojú ìwé mìíràn, ó kà á. Ó yí ọ̀rọ̀ kan padà láti fi dán an wò, ọ̀rọ̀ náà gbà, ó sì dá a padà sí bí ó ṣe wà.

"Bàbá," ni ó wí, "nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ká ní mo ní apá ọ̀tún yìí ni!" Ó lọ sí ẹ̀kọ́ tuntun náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Àwa kọ́ la kọ eléyìí. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Òṣìṣẹ́ náà wá wo ojú kọ̀ǹpútà láti ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀. "Ó dájú pé ìyá àgbà ti jẹ iṣu rẹ̀ tán," ni ó wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Wọ́n tẹ ìwé náà. Orúkọ ìyàwó mi wà lẹ́yìn ìwé. Wọ́n béèrè bóyá kí àwọn fi tèmi sí i, mo ní rárá.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, obìnrin kan pè mí láti Imini. Ó ní òun ń kọ́ àwọn àgbà níbẹ̀, ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ òun, ọ̀gá sì ti fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ó ní àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ló pọ̀ jù nínú kíláàsì òun, wọ́n fẹ́ ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ tiwọn. Òun ti kọ ọ́, apá òsì àti apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun láti fọwọ́ kan iṣẹ́ olóògbé.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní bínú bí mo bá fi ojú ìwé kan kún un?"

"Kà á fún mi."

Ó kà á. Ọmọdébìnrin ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ó ní kí olùkọ́ má ṣe pe kíláàsì ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan gàrí, nítorí ẹni tí èéfín ti ta lójú kò lè kàwé.

"Fi kún un," ni mo wí.

Ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́ta nìyẹn.